Àṣetiléwá Tí Kò Ní Àṣìṣe

Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń gba máàkì pé nínú iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì lè ka orúkọ òpópónà tó ń gbé, ẹ má wulẹ̀ bá ọmọ wí. Ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí gan-an, àyà mi ń gbóná.

Margaret lorúkọ mi. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Plumstead ni mò ń gbé, ní London níbí. Folúkẹ́ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, èyí tí mo pọ̀n dàgbà. Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Tavy Bridge ni òun àti Amos ọkọ rẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ìníolúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Amos ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Scotland, inú ọkọ̀ ló ń sùn ju ilé lọ. Iṣẹ́ kẹ́à ni Folúkẹ́ ń ṣe ní tirẹ̀. Á ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn, á wẹ̀ fún tibí, á fún tọ̀hún lóúnjẹ, á sáré wálé lọ́sàn-án, á tún jáde nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ti gbé bọ́ọ̀sì sílẹ̀, èmi ni mò ń lọ mú Ìní nílé ẹ̀kọ́.

Big Mummy ló ń pè mí. Ọmọ náà gbádùn mọ́ni jọjọ! Láti ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ títí dé ilé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kí ló dé tí pẹ́pẹ́yẹ inú adágún kì í rì? Kí ló dé tí àwọn arúgbó tí Mummy ń tọ́jú ò ní ọmọ tó lè wẹ̀ fún wọn? Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọ yìí ò ní ọpọlọ, màá bá a jà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Folúkẹ́ ni tíṣà àwọn ọmọdé níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú wọn. Bí wọ́n bá ka Sáàmù kan sí Ìní létí lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti há a sórí nìyẹn. Á dìde, á káwọ́ sẹ́yìn, á kà á látòkè délẹ̀, gbogbo ìjọ á pariwo Halelúyà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó lè kà á nínú Bíbélì. Etí lọmọ fi ń kàwé, kì í ṣe ojú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àṣetiléwá rèé. Folúkẹ́ á kọ́kọ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà sórí bébà ráfù, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nígbà tá a wà ní kékeré, pé ọmọ gidi kì í gbé iṣẹ́ ráfù síwájú tíṣà. Ó yẹ kó jẹ́ ọmọ ló ń ṣe ráfù, ká tó wá bá a tún un ṣe, àbí? Rárá o. Ìyá ló ń ṣe ráfù. Ìní á wá jókòó tì í, á máa dà á kọ sínú ìwé rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ya àwòrán. Ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó pè é. Á wò yín, á wo òkè àjà, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀.

Tí wọ́n bá ti parí, ó di fọ́tò. Folúkẹ́ á gbé e sórí Wasáàpù ẹbí, àwọn ará Èkó á bẹ̀rẹ̀: "Lọ́yà wa nìyí!" "Orí ìyá rẹ̀ ló gbé wá!" Ìyá wa fúnra rẹ̀ á fi ohùn ránṣẹ́, á máa súre fún ọmọ títí ohùn á fi gé. Ta ló fẹ́ kí irú adùn bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró?

Mo ti bá a sọ ọ́. Mo ní, "Folúkẹ́, ọmọ yìí ò mọ̀wé kà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ mi! Ó máa kà á. Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ọlọ́run ò ní sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ ọ ní A, B, D. Ò ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá. Ìkọ̀wé kọ́ ló ń ṣe ọmọ ẹ."

Ó bá mi yan odì fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ṣì ń lọ mú ọmọ, mo ṣì ń se oúnjẹ fún un. Ta ni màá fi í sílẹ̀ fún?

Nílé ẹ̀kọ́, Ìní mìíràn pátápátá ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ti ní kó kàwé, á ju pẹ́ńsù nù, á wọ abẹ́ tábìlì, á ní kò wu òun. Lọ́jọ́ kan, ó da omi sórí ìwé ọmọ tó jókòó tì í. Wọ́n á lé e síta, á lọ jókòó lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ju ẹsẹ̀. Aláìgbọràn ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó jẹ́ pé nílé, tó bá gba omi lọ́wọ́ mi, orí ìkúnlẹ̀ ni!

Tíṣà kíláàsì rẹ̀ ni Mísì Adébọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London níbí. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó dúró dè mí ní géètì. "Auntie, ṣé o lè dúró díẹ̀?" Èmi tí mo lè bí i, "o" ló ń pè mí. Ìlú tí wọ́n bí i sí nìyẹn, mi ò kà á sí. Ọmọ dáadáa ni.

Ó ní, "Homework Ìní, perfect ni, every week. Nínú class, kò kọ nǹkan kan. Headteacher wa sọ pé ọmọ tó lè ṣe é nílé, tó wá kọ̀ ọ́ ní school, ìwà ló ń dà á láàmú. Èmi ò gbà. Mo rò pé kò lè kà."

Mo ní, "Kí lẹ máa ń ṣe fún ọmọ tí kò lè kà?"

Ó là á yé mi. Obìnrin kan wà tó ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú. Á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi sùúrù kọ́ wọn, bó pẹ́ bó yá wọ́n á kàwé. Àyè ọmọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé lórí Ìní. Yálà kí wọ́n fún un ní àyè yẹn, tàbí kí wọ́n mú un lọ sí yàrá àwọn ọmọ tó ń da kíláàsì rú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní kíkà. Ohun kan péré ni Mísì nílò láti gba àyè náà fún un: iṣẹ́ tí Ìní fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Kí wá ni ká máa ṣe nílé?"

"Ẹ jókòó tì í. Ẹ ka ìwé kékeré fún un, kó máa fi ojú tẹ̀ lé yín, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Homework tiẹ̀, kó ṣe é fúnra ẹ̀. Tó bá ṣì í, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Auntie, mo fẹ́ rí àṣìṣe ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan! Àṣìṣe tí ìyá ọmọ ń fi gbogbo agbára nù kúrò, òun gan-an ni tíṣà ń wá kiri.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Folúkẹ́ ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ kó lè tètè padà síbi iṣẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi gbaná jẹ.

"Ẹ fẹ́ kí ọmọ mi gbé játijàti lọ síwájú àwọn òyìnbó?"

"Mísì ló ní ká jẹ́ kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

"Mísì wo? Ọmọ Mummy Adébọ́lá? Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lèmi àti ìyá rẹ̀ ń lọ! Kó délé kó sọ fún un pé tíṣà Sunday school ló ń bá ọmọ rẹ̀ kọ homework, pé ọmọ tíṣà ò mọ A yàtọ̀ sí B? Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni mo fẹ́ gbójú sí?"

"Ta ló ń sọ tojú? Ọmọ ń ṣòfò, ò ń sọ tojú!"

"Wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Fáìlì yẹn á sì máa tẹ̀ lé e káàkiri. Ẹ̀yin ò mọ àwọn èèyàn yìí. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde."

Mo wo àbúrò mi, mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Mo bá kúnlẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo pọ̀n, lórí táìlì kíṣìnnì rẹ̀. Ó pariwo, "Yéè! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kó èèmọ̀ bá mi ni?" Ó fà mí lápá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, màá fi í sílẹ̀ fún un."

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo jókòó ti Ìní nígbà tó ń ṣe é. Wọ́n ní kí wọ́n kọ̀wé nípa ẹranko kan tí wọ́n máa ń rí lójú ọ̀nà. Ọmọ mi yọ ahọ́n síta, ó tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé bí ẹni ń gbẹ́ igi, ó kọ ìlà mẹ́ta. Lẹ́tà kan kọ ẹ̀yìn sí èkejì, òmíràn dojú dé, mi ò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Mo ní kó sọ ohun tó kọ fún mi. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ kékeré ò rì. Mummy ẹ̀ ń wò ó. Ó ń rìn lórí omi." Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Mo ní, "Ó dáa! Ìní, ó dáa gan-an!" Mo gbé e jó yí pálọ̀ ká, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ó ní òun ò lo ráfù. Folúkẹ́ wọlé bá wa. Ó gba ìwé, ó wò ó. Ó fi í sínú báàgì ọmọ, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ẹ ṣeun, ó dàárọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, mò ń kọrin.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó wa jọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òyìnbó kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Mísì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Folúkẹ́ wà nínú yunifọ́ọ̀mù kẹ́à, èmi wà nínú ti bọ́ọ̀sì, Ìní wà láàárín wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Mo ti sọ fún Mísì ní ẹnu ọ̀nà pé ohun tó ń wá wà nínú báàgì, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń fa ìwé náà yọ. Ó ṣí i. Ẹ̀rín náà pa rẹ́ lójú rẹ̀.

Ìwé mọ́ tónítóní. Odidi ojú ewé kan nípa pẹ́pẹ́yẹ, ìkọ̀wé rèǹtèrente, kò sí àṣìṣe kan bó ti wù kó kéré tó. Folúkẹ́ ti fa tọmọ ya. Ó ti jí i ní ìdájí kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ti mú un dà á kọ.

"Èyí kọ́!" ni mo ké. "Folúkẹ́, kí lo ṣe? Kí lo ṣe yìí?" Mo dìde, mo yíjú sí ọ̀gá, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè òyìnbó. Mo sọ ti ráfù, mo sọ ti dídàkọ, mo sọ ti ìlà mẹ́ta àná. Mo ní ọmọ yìí ò lè kà, ẹ dákun, ẹ fún un ní àyè yẹn.

Ọ̀gá bi Folúkẹ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń gbàdúrà nínú mi pé, sọ ọ́, àbúrò mi, sọ ọ́. Ó wo Mísì Adébọ́lá. Ó ní, "Rárá, sà. Ọmọ mi ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sí nílé nígbà yẹn."

Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ síwájú Ìní, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé ta ló kọ eléyìí. Ìní kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ojú yẹn. Ojú tí ìyá Yorùbá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, tí kò ní la ẹnu, tí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á sì gbọ́. Ìní gbẹ̀kọ́ o.

"Èmi ni," ló wí.

"Ohun tí Big Mummy sọ ńkọ́?"

"Irọ́ ló ń pa."

Ọ̀gá ní kó wá ka ìlà kan ṣoṣo fún àwọn, èyí tó bá wù ú. Ìní gba ìwé náà lọ́wọ́ Mísì. Ó wò ó pẹ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń sáré síwá sẹ́yìn lórí ìlà náà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ó wá ju ìwé náà mọ́ Mísì láyà, ó ta àga nù, ó pariwo, "It's boring! I don't want to!" Ó wọ abẹ́ tábìlì ọ̀gá lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi fojú ara mi rí i, òtítọ́ sáré, ó sì dé, wọ́n sì ní kó padà. Ọ̀gá ní ó ti hàn gbangba sí gbogbo wa pé ìwà ló ń da ọmọ láàmú. Kí Ìní dúró sílé fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwé tó jù lu tíṣà, tó bá padà, yàrá àwọn tó ń da kíláàsì rú ni kó gbà lọ. Ṣé ẹ rí àyè kan tó kù yẹn, kí ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fún ọmọ mìíràn. Mo pe Mísì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Auntie, mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n mummy ẹ̀ ló ní rárá. Kí ni mo lè ṣe?" Ó ní ká dúró de ọdún tó ń bọ̀, tí obìnrin náà bá ṣì ń wá.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ní ibùdókọ̀, nígbà tá a jáde ní ọ́fíìsì ọ̀gá, Folúkẹ́ fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún kíkorò. "Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run rí ọkàn mi. Ẹnu mi ni ò ṣí." Mo fẹ́ gbá a létí. Mo tún fẹ́ dì mọ́ ọn. Mi ò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, torí ọmọ wà láàárín wa. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, ó wọlé, ó jókòó jìnnà sí mi.

Ní ọjọ́ Ajé, Folúkẹ́ ní láti lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo gbààyè láti dúró ti Ìní. Kí ni mo fẹ́ fi ọmọ tí wọ́n lé wálé ṣe? Mo mú un lọ sí Woolwich, a wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Odò ń ru pọ̀ọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí tíì tí wọ́n gbàgbé sínú kọ́ọ̀bù. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ìní, kí ló dé tó o fi sọ pé irọ́ ni mo pa?"

"Ṣé inú ń bí yín sí mi?"

"Inú ò bí mi sí ẹ, ọkọ mi. Ṣé Mummy ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó mi orí. "Mummy ò sọ nǹkan kan. Mo ti jí nígbà tí Mummy ń fa ìwé mi ya. Ó ń sunkún. Homework mi ló pa á lẹ́kún."

"Rárá, Ìní, kì í ṣe—"

"Big Mummy, tí wọ́n bá ní mo jẹ́ naughty, mo lè sọ pé sorry. Wọ́n á ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ pé olódo ni mí, sorry wo ni mo fẹ́ sọ?"

Mo la ẹnu. Èmi Margaret, tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láti Plumstead dé Abbey Wood, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ò jáde. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe olódo, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ sí i mọ́? Wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé òpùrọ́ ni mí, òun gan-an ló sọ ọ́. Omi kàn ń dà lójú mi lọ bẹ́ẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ má sunkún, Big Mummy. Mo mọ naughty ṣe dáadáa."